Mo tẹ bàbá mi láyà, wọ́n yè, àmọ́ èémí wọn ò já geere

Obìnrin kan tó ń gbé ní London ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Bàbá mi, ẹni ọdún 68, wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n ṣàdédé ṣubú. Mo pe 999, obìnrin tó gbé fóònù sì ní kí n máa tẹ̀ wọ́n láyà, kí n má dáwọ́ dúró. Mo gbọ́ tí nǹkan dún lábẹ́ ọwọ́ mi. Àwọn oní-áńbúláǹsì dé, wọ́n fi iná ta wọ́n láyà, ọkàn wọn padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ọsíbítù, wọ́n fi stent, wáyà kékeré tó ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ là, sí iṣan ọkàn wọn, ẹ̀rọ sì bá wọn mí fún ọjọ́ 6. Dókítà ní òtútù àyà mú wọn, pé omi sì wà nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ó ti di ọ̀sẹ̀ 7 tí wọ́n ṣubú, wọ́n ti wà nílé, àmọ́ àyà ṣì ń dùn wọ́n, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n sì ń mí hẹlẹhẹlẹ tí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní èmi ni mo fọ́ wọn légungun, tí mo ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́, pé bàbá ṣì ń mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ́n. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ẹ̀dọ̀fóró wọn á padà sípò? Wọ́n sì ń yọ mí lẹ́nu pé àwọn fẹ́ máa lọ sílé."

Ẹ kú ewu bàbá, ẹ sì kú ìrọ́jú. Nǹkan méjì ni mo rí nínú lẹ́tà yín: èémí bàbá, àti ẹ̀sùn ẹ̀gbọ́n yín, èyí tó jọ pé ẹ̀yin náà ti ń gbà gbọ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀sùn náà ni n ó kọ́kọ́ gbé kúrò lójú ọ̀nà, torí ẹni tó bá ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi kì í lè bi dókítà ní ohun tó yẹ kó bi í. Ẹ̀rù ìdáhùn á ti máa bà á. Mo máa ń rí i ní wọ́ọ̀dù tí a ti ń tọ́jú àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí. Nínú gbogbo ẹbí, ẹni tó tẹ àyà aláìsàn gan-an ni kì í fẹ́ jókòó tì wá nígbà tí a bá ń ṣàlàyé.

Bàbá yín ò mí nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó jọ mímí. Tí ọkàn bá dúró lójijì, ẹ̀jẹ̀ ò lọ sí ọpọlọ mọ́, ènìyàn á sì ti dákú kí ìṣẹ́jú àáyá 20 tó pé. Àmọ́ ìdí ọpọlọ, níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, tí àṣẹ mímí ti ń wá, lágbára ju òkè ọpọlọ lọ. Kì í tètè kú. Ó lè máa rán àṣẹ ségesège jáde fún ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tí ọkàn ti dúró. Ẹnu á là, àgbọ̀n á sún sísàlẹ̀, èémí kan á wọlé pẹ̀lú ariwo bíi ti ẹni tó ń hanrun, gbogbo rẹ̀ á wá dákẹ́ kí òmíràn tó tún dé. Pọ̀kàkà ikú ni àwọn àgbà wa ń pè é. Atẹ́gùn tó ń bá a wọlé ò tó nǹkan, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ tó ń rìn tí yóò gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti bá a lọ torí pé àwọn tó dúró tì wọ́n ń sọ pé "ó ṣì ń mí". Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gbé fóònù 999 fi máa ń béèrè bóyá aláìsàn ń mí bí ó ṣe máa ń mí. Ẹni tí kò dá èèyàn lóhùn, tí mímí rẹ̀ ò sì rí bó ṣe yẹ, títẹ ló kàn.

Bóyá ẹnì kan á tún béèrè lọ́wọ́ yín pé kí ló dé tí ẹ ò fẹ́ atẹ́gùn sí wọn lẹ́nu. Lára àgbàlagbà tó ṣubú lójijì, ọkàn ló sábà máa ń kọ́kọ́ dúró, mímí ló ń tẹ̀lé e. Ọ́síjìn ṣì kù nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ẹ̀dọ̀fóró fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ohun tí kò sí ni ẹni tí yóò tì í dé ọpọlọ, ọwọ́ yín ló sì ṣe é. Ti ọmọdé àti ti ẹni tó rì sómi yàtọ̀. Èémí ló kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn yẹn, wọ́n nílò atẹ́gùn pẹ̀lú títẹ.

Ní ti egungun, mi ò ní tàn yín: ó ṣeé ṣe kí ẹ fọ́ ọ. Ìlànà ni pé kí àyà àgbàlagbà wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, nígbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Egungun ìhà ẹni ọdún 68 ti gan, kì í tẹ̀ bíi ti ọmọdé mọ́. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí wọ́n bá tẹ̀ láyà bó ṣe yẹ, tí wọ́n sì yẹ̀ wò dáadáa lẹ́yìn náà, ni egungun ìhà wọn ti sán. X-ray kì í fi gbogbo rẹ̀ hàn, CT, ẹ̀rọ tó ń ya inú ara ní ìpele ìpele, ló ń rí èyí tó pọ̀ jù. Ẹ sì wò ó o: títẹ tó dára jù lọ pàápàá kò ju kó ti bí ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn fúnra rẹ̀ ń tì. Ẹni tó bá ń rọra fọwọ́ kàn án torí egungun, ìwọ̀nba yẹn náà ò ní dé ọpọlọ. Ọdún 1960 ni Kouwenhoven, Jude àti Knickerbocker, ní Johns Hopkins ní Baltimore, kọ ọ́ jáde pé ọwọ́ méjì lórí àyà lè ṣe iṣẹ́ ọkàn fúngbà díẹ̀. Kó tó di ìgbà náà, ńṣe ni oníṣẹ́ abẹ ń la àyà, tí yóò ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láti máa fún ọkàn. Kí ẹ̀gbọ́n yín fi ìyẹn wé egungun ìhà tó sán.

Bí egungun tó sán ṣe ń dí mímí lọ́wọ́ rèé. Kì í sábà gún ẹ̀dọ̀fóró. Ìrora ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí àyà ń ta ní gbogbo ìgbà tó bá fa èémí kò ní fà á jinlẹ̀ mọ́. Òkè òkè ni yóò máa mí. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ò ní rí atẹ́gùn, àwọn àpò wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra. Kò ní fẹ́ wúkọ́ torí ikọ́ ń dùn ún, kẹ́lẹ̀bẹ̀ á jókòó, kòkòrò á rí ibi gbé, òtútù àyà á sì dé. Nítorí náà, oògùn ìrora fún bàbá kì í ṣe ìkẹ́. Ìtọ́jú ẹ̀dọ̀fóró ni. Paracetamol tí wọ́n ń lò lásìkò lásìkò dára ju èyí tí wọ́n dúró de ìrora kí wọ́n tó lò. Ẹ má fi ibuprofen tàbí diclofenac kún un láìbéèrè: oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni àwọn tó gba stent ń lò, inú wọn lè máa ṣẹ̀jẹ̀, ọkàn wọn náà ò sì fẹ́ irú oògùn yẹn. Ẹ má fi ọ̀já di àyà wọn, bó ti wù kí ìyá àgbà kan sọ ọ́ dùn tó, torí dídì ń dín mímí kù sí i ni. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró ra á pé òun fẹ́ mú egungun wọlé. Tí wọ́n bá fẹ́ wúkọ́, kí wọ́n gbá ìrọ̀rí mọ́ àyà. Egungun ìhà púpọ̀ ń san láàárín ọ̀sẹ̀ 6, ti àgbàlagbà sì lè fà á dé oṣù 3, nítorí náà, ìrora ọ̀sẹ̀ 7 ò tíì kọjá ààlà.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀ máa ń ṣèṣe lábẹ́ títẹ, tàbí kí orí egungun gún un kí atẹ́gùn sì máa jò sínú àyà. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ ní ọsíbítù ni ìyẹn sábà máa ń hàn, wọn ì bá sì ti sọ fún yín.

Ohun tí mo ka sí ọ̀tá ẹ̀dọ̀fóró ju egungun lọ, inú ikùn ló ti ń wá. Ẹni tó dákú ò lè dáàbò bo ọ̀nà èémí rẹ̀. Oúnjẹ alẹ́ tó jẹ á gòkè wá sí ọ̀fun, kò ní wúkọ́, kò ní gbé e mì, ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ. Atẹ́gùn tí wọ́n ń fi báàgì àti ìbòjú fún un náà máa ń wọ ikùn, ikùn á wú, á tún ti púpọ̀ sókè sí i. Omi kíkan inú ikùn ń jó ẹ̀dọ̀fóró, kòkòrò ẹnu sì ń bá a wọlé. Òtútù àyà tí wọ́n ní ó mú bàbá ní ọsíbítù, ibẹ̀ ló ṣeé ṣe kó ti wá. Ó wọ́pọ̀ débi pé àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé dán an wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2019, bóyá kí wọ́n tètè máa fún àwọn tí ọkàn wọn dúró ní amoxicillin pẹ̀lú clavulanate fún ọjọ́ 2, kí òtútù àyà má baà mú wọn rárá. Òtútù àyà ọjọ́ àkọ́kọ́ dín kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iye àwọn tó kú ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Kò sí bí ẹni tó ń tẹ àyà nínú pálọ̀ ṣe lè dá oúnjẹ dúró nínú ikùn.

Ọ̀rọ̀ omi wá kù. Ọ̀nà méjì ni omi yẹn ń gbà wọlé. Ọkàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ máa ń rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kò ní lè ti gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró síwájú. Ẹ̀jẹ̀ á kún sẹ́yìn bí omi òjò ṣe ń kún nígbà tí gọ́tà bá dí, omi ara rẹ̀ á sì máa yọ́ wọ àwọn àpò afẹ́fẹ́. Ọ̀nà kejì jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ara ló wà láìrí ẹ̀jẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ sì padà dé, ara kò gbà á pẹ̀lú àlàáfíà: ó gbiná, ògiri àwọn iṣan wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Dókítà ará Rọ́ṣíà kan, Vladimir Negovsky, ló kọ ọ́ ní 1972 pé ohun tó ń ṣe ènìyàn lẹ́yìn tí wọ́n bá jí i padà jẹ́ àìsàn tó dá dúró, tó yẹ kí a tọ́jú lọ́tọ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara ń gbà kọjá, kò lè ṣe kó má pín nínú rẹ̀. Tí ó bá le, ẹ̀dọ̀fóró á wúwo, á gan, atẹ́gùn á ṣòro tì wọ inú rẹ̀. Dídúró tí ọkàn dúró ló fa gbogbo èyí. Tó bá ti pẹ́ tó kí ẹnì kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà náà ló máa ń burú tó. Ẹ̀yin ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan nínú ẹbí máa ń ní ẹ̀rọ ló ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: atẹ́gùn tí a bá fi agbára tì wọlé lè dá ọgbẹ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọn èémí kọ̀ọ̀kan, bíi mílílítà 6 sí 8 fún kílò kan, gíga aláìsàn la sì fi ń ṣírò kílò náà, kì í ṣe ohun tó wọ̀n lórí òṣùwọ̀n, torí ẹni tó sanra ò ní ẹ̀dọ̀fóró tó tóbi ju ti ẹni tó tín-ín-rín tí wọ́n jọ ga. A kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ yára jù pẹ̀lú. Tí a bá fẹ́ carbon dioxide, èéfín inú ẹ̀jẹ̀ tí a máa ń mí síta, jáde jù, iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ á fún pọ̀, ọpọlọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ye ikú á tún pàdánù ẹ̀jẹ̀. Ọ́síjìn náà ní ìwọ̀n, 94 sí 98 nínú ọgọ́rùn-ún la sábà ń fẹ́ kó wà. Àpọ̀jù rẹ̀ ò dára. Ṣùgbọ́n pé ọ́síjìn ń di bárakú, tí ènìyàn ò ní lè fi sílẹ̀ mọ́, irọ́ ni. Ohun tí ẹ̀rọ ń gbà lọ́wọ́ aláìsàn ni agbára iṣan: iṣan ńlá tó pààlà sáàárín àyà àti ikùn, tí a fi ń mí, ń bẹ̀rẹ̀ sí í joro láàárín ọjọ́ mélòó kan tí kò bá ṣiṣẹ́. Ọjọ́ 6 tó láti mú kí àtẹ̀gùn di òkè lójú bàbá.

Ní báyìí, èwo ló ń yọ wọ́n lẹ́nu nínú gbogbo èyí? Mi ò tíì fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà wọn, mi ò rí àwòrán wọn, mi ò lè dá a lẹ́jọ́ láti ibi. Mo lè sọ ohun tí n bá kọ́kọ́ wò. N bá béèrè orúkọ oògùn tí wọ́n ń lò. Ramipril, lisinopril àti àwọn ẹbí wọn ń fa ikọ́ gbígbẹ tí kì í lọ, àní nígbà tí kò sí ohun tó ṣe ẹ̀dọ̀fóró. Ticagrelor, tí wọ́n máa ń fún àwọn tó gba stent, ń mú kí àwọn kan ṣàdédé rò pé èémí ò tó àwọn, àní níbi tí wọ́n jókòó sí. Mo ti rí àwọn tí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn wò léraléra, tó sì jẹ́ pé oògùn yìí ni. Ẹ gbọ́ mi o: ẹ má dá a dúró fúnra yín. Stent tí ẹ̀jẹ̀ bá dì sínú rẹ̀ lè tún dá ọkàn dúró. Dókítà ló máa fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn oògùn, ọkàn. Tí bàbá ò bá lè sùn gbalaja, tí wọ́n ń to ìrọ̀rí jọ, tí ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ń wú, tí ìwọ̀n wọn sì ń gòkè láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọkàn ló ń rẹ̀, omi ló sì tún ń padà bọ̀; kí wọ́n fi echo, ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn, yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá mu omi tàbí tí wọ́n ń jẹun ni ikọ́ ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀fun tí páìpù ẹ̀rọ tó bá wọn mí gbà kọjá ni kò tíì gbọ́n padà, oúnjẹ ṣì ń yọ́ wọ ọ̀nà èémí díẹ̀díẹ̀, àwọn amọ̀ṣẹ́ ìgbémì sì wà ní NHS tó lè tún un ṣe. Èyí tí wọ́n máa ń ṣì mú jù lọ ni kí ọ̀nà èémí fún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, níbi tí páìpù ti ha á. Tí ẹ bá gbọ́ ariwo fíín nígbà tí wọ́n bá ń fa èémí wọlé, tí wọ́n ní ikọ́ fée ni, tí oògùn fífà ikọ́ fée kò sì ṣe nǹkan kan, ẹ sọ fún dókítà pé wọ́n fi páìpù sí wọn lọ́fun fún ọjọ́ 6. Gbólóhùn kan yẹn lè yí ìtọ́jú padà.

Ẹ̀rù náà wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe àròsọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti dé ẹnu ikú padà ń jí lóru pẹ̀lú èémí tó ń já, wọ́n sì ń tijú láti sọ ọ́, pàápàá àwọn bàbá wa. Ẹ bi wọ́n léèrè nígbà tí ẹ bá wà ní ẹ̀yin méjì péré.

Àwọn ohun tí kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀la ni wọ̀nyí, 999 ni ẹ máa pè: èémí tó ṣàdédé kúrú, ìrora àyà tuntun tó mú gan-in, ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ́lẹ̀bẹ̀, ètè tó ń dúdú, ariwo èémí níbi tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ sí, tàbí kí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wú kó sì máa dùn wọ́n nígbà tí èémí ń kúrú, torí ẹ̀jẹ̀ tó dì lẹ́sẹ̀ lè gòkè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ibà pẹ̀lú kẹ́lẹ̀bẹ̀ tó yí àwọ̀ padà, ẹ rí dókítà lọ́jọ́ náà.

Ẹ béèrè bóyá ẹ̀dọ̀fóró á padà sípò. Ẹ̀dọ̀fóró tí òtútù àyà àti omi yọ lẹ́nu sábà máa ń san dáadáa, ó kàn ń pẹ́. Àwòrán X-ray pàápàá lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó mọ́ tónítóní, pàápàá lára àgbàlagbà. Nínú ohun tí mo ti rí, ohun tó ń kù lẹ́yìn oṣù mélòó kan sábà jẹ́ àárẹ̀ ọkàn àti àárẹ̀ iṣan ju ti ẹ̀dọ̀fóró lọ. Tí bàbá bá ti ń mu sìgá tẹ́lẹ̀, tàbí tí wọ́n ti ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró, mi ò lè fi ọkàn yín balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè nípa ètò eré ìdárayá tí wọ́n ń ṣe fún àwọn aláìsàn ọkàn, kí ẹ má sì gbà kí bàbá jókòó sórí àga láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ torí pé "wọ́n ń sinmi". Kí wọ́n máa rìn lójoojúmọ́, díẹ̀ ju ti àná lọ, kí wọ́n máa dúró tí wọn ò bá ti lè sọ gbólóhùn kan parí. Kí wọ́n máa fa èémí jinlẹ̀ nígbà mélòó kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí wọn ò bá sùn.

Ní ti pé wọ́n fẹ́ máa lọ sílé, ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Atẹ́gùn inú ọkọ̀ òfurufú fẹ́lẹ́, ó lè dà bíi ti orí òkè tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 8,000, wákàtí 6 ó lé díẹ̀ ni wọ́n sì máa fi mí in kí wọ́n tó dé Èkó. Ọ́síjìn gbogbo ènìyàn ló ń lọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ti ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn rẹ̀ ṣì ń ṣòjòjò lè lọ sílẹ̀ jù. Tí atẹ́gùn bá fi lè ṣì wà níta ẹ̀dọ̀fóró nínú àyà wọn, kò sí wíwọ ọkọ̀ òfurufú rárá. Kí dókítà ọkàn wọn fọwọ́ sí i, kí wọ́n wọn ọ́síjìn wọn níbi ìjókòó àti nígbà tí wọ́n bá rìn, tó bá sì ń ṣe iyèméjì, àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń fún ènìyàn ní atẹ́gùn tí ọ́síjìn rẹ̀ jẹ́ 15 nínú ọgọ́rùn-ún mí, kí wọ́n lè mọ bí ara á ṣe gbà á lófurufú. Kí wọ́n tó gbéra, ẹ ti wá dókítà ọkàn tí yóò gbà wọ́n nílé, Ṣàgámù ò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ sì wà níbẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà lẹ́tà tí ọsíbítù fi dá wọn sílẹ̀, èsì echo, àti ọjọ́ tí wọ́n fi stent sí wọn. Kí oògùn tó máa tó wọn lò fún oṣù mélòó kan wà nínú báàgì ọwọ́ wọn, kó má wà nínú ẹrù tí wọ́n ń kó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀.